Gàfárù Tí Iná Jó àti Abẹ́rẹ́ Àtọ̀gbẹ

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7/5/96

Iná jó Gàfárù àbúrò mi láàárọ̀ yìí ní bẹ́kìrì Alhaji Làsísì l'Ágége. Òjò àná ti pa igi ààrò, igi ò mú, wọ́n bá da kẹrosíìnì sí i. Ta ló mọ ohun tí àwọn elépo dà pọ̀ mọ́ kẹrosíìnì ọ̀hún? Bó ṣe ṣáná sí i báyìí, ó bú gbàù. Ọwọ́ méjèèjì, àyà, ikùn, itan ọ̀tún. Ojú rẹ̀ nìkan ni Ọlọ́run ṣọ́, iná ò kàn án. Ọsibítù tó wà n'Íkẹjà ni wọ́n gbé e lọ. Mi ò lè kọ jù báyìí lọ.

Ọjọ́bọ̀, 9/5/96

Ó ṣì wà láyé.

Wọ́n ti fi bándéèjì wé e láti ọrùn dé orúnkún. Bí mo ṣe wọlé ló ní, "Àǹtí Láídé, ẹ kú àárọ̀." Ẹni tí iná jó tó báyìí ló ń rántí kí èèyàn. Mo lọ sunkún lẹ́yìn wọ́ọ̀dù, mo nu ojú mi, mo padà wọlé bí ẹni tó lọ tọ̀.

Sístà Damaris ni nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀. Aláàdúrà ni, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tó ti ọkùnrin mẹ́ta. Ó ti jágbe mọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì torí pé mo fara kan bẹ́ẹ̀dì. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní gọ́ọ̀sì, ìpara egbò àti omi dírípù, àwa la ó máa rà á wá, ọsibítù ò ní. Mo lọ bèèrè iye tí gọ́ọ̀sì jẹ́. Ó ti wọ́n ju léèsì tí àwọn oníbàárà mi ń gbé wá fún mi rán lọ. Ìlú yìí ti bàjẹ́ pátápátá.

Ọjọ́ Àìkú, 12/5/96

Màmá dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú àpò ẹ̀lùbọ́ àti ike epo pupa kan. Ọkọ̀ wọn bàjẹ́ lọ́nà Ìbàdàn, òjò sì pa wọ́n. Mo ti múra sílẹ̀ pé wọ́n á ké, wọn ò ké. Wọ́n jókòó ti Gàfárù, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ torí NEPA ti mú iná lọ. Nígbà tí a jáde, wọ́n bi mí bóyá iná kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní kò kàn án. Wọ́n ní alhamdulillah, ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gé lára bàbá yín.

Ọdún keje rèé tí àtọ̀gbẹ ti pa Bàbá. Ẹsẹ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn Màmá.

Jímọ̀, 17/5/96

Fàúsát ìyàwó Gàfárù ń se oúnjẹ bí ẹni tó ń gbàlejò. Ẹja tútù, ẹ̀wà, ẹyin. Gàfárù á jẹ ṣíbí mẹ́ta, á ní ó ti tó, ẹ ṣeun. Ibà ò kúrò lára rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì kódà bó bá ń sùn. Ẹni tó ń gbé àpò fúláwà lé èjìká bí ẹni gbé ìrọ̀rí! Mo di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú lónìí, ìka mi yí i po, ó tún kù.

Alhaji Làsísì wá kí i pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná. Ojú ń tì í, mo jẹ́ kó tì í dáadáa.

Sátidé, 25/5/96

Kò mú.

Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n gé awọ lára itan òsì rẹ̀, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà àti ọwọ́ ọ̀tún. Wọ́n ṣí i lónìí. Gbogbo rẹ̀ ti bó kúrò bí pépà tí òjò pa lára ògiri. Egbò tuntun ti itan wá kún ti tẹ́lẹ̀. Dókítà Johnson tó ń tọ́jú rẹ̀ ní awọ ò lè mú lára ẹni tí ara rẹ̀ ń yọ́. Mo bi í pé bí kò bá wá mú ńkọ́. Ó ní òun ń bọ̀, ó jáde.

Fàúsát ò mọ ohun tí Dókítà sọ. Mo ní fún un pé wọ́n ní ká mú sùúrù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28/5/96

Dókítà Johnson pe èmi àti Fàúsát sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ọkùnrin gíga ni, ó máa ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bíi pé ọmọ jòjòló ń sùn nítòsí, o gbọ́dọ̀ na ọrùn kí o tó gbọ́ ọ. Ó ní iná ti kúrò lára Gàfárù, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò tíì mọ̀. Ara ṣì ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó ń tú ẹran ara tirẹ̀ jẹ. Ṣúgà kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò rí ọ̀nà wọ inú ẹran. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ohun tí Fàúsát ń sè ò fi hàn lára rẹ̀.

Ó ní abẹ́rẹ́ kan wà tó máa ń jẹ́ kí ṣúgà wọ inú ẹran, tó sì máa ń dá yíyọ́ yẹn dúró, kí ara lè rí ohun tí yóò fi tún ara ṣe. Àwọn dókítà kan lókè òkun ti ń fún àwọn tí iná jó gan-an, òun kà á nínú ìwé wọn. Mo ní kí lorúkọ abẹ́rẹ́ náà. Ó ní ínsúlíìnì.

Mo dìde dúró. Mo ní Dókítà, ẹ má bínú o, abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi, òun ni bàbá mi lò títí wọ́n fi kú. Àbúrò mi ò ní àtọ̀gbẹ. Ó ní kí n jókòó. Ó ní òun mọ̀ pé kò ní, bí egbò bá ti jinná, abẹ́rẹ́ tán nìyẹn. Ó wá gbé ọwọ́ sókè, ohùn rẹ̀ sì le fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ohun kan ló wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ yìí lè pa á bí kò bá jẹun sí i. Ẹ̀kọ, mílíìkì, ṣúgà, ẹyin, ẹran, ohun gbogbo ni kó máa jẹ. Bí oúnjẹ bá dúró, abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ dúró."

Mo bi í bóyá ó ti ṣe é fún ẹnikẹ́ni rí. Ó ní ẹnì kan. Mo ní ẹni yẹn dà. Ó ní ó ń ta bàtà ní Opebi, kí n lọ kí i bí mo bá fẹ́. Mo wo Fàúsát, Fàúsát wo ilẹ̀, ó ní Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é, kí la tún ní?

A gbà. Nígbà tí a jáde, Fàúsát ní ká má dárúkọ abẹ́rẹ́ náà fún Màmá, kí ọ̀rọ̀ Bàbá má baà tún máa jà wọ́n láyà. Mo ní òótọ́ ni. A máa sọ pé abẹ́rẹ́ agbára ni.

Ọjọ́bọ̀, 30/5/96

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ínsúlíìnì ò fẹ́ ooru, fíríìjì wọ́ọ̀dù sì ti kú tipẹ́. Mo ra áìsì lọ́wọ́ Ìbídùn tó ń tà á nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin l'Ágége, mo kó o sínú kúlà, mo fi ọ̀rá àti tówẹ́lì wé ìgò náà kó má baà dì. Kúlà ọ̀hún wà lábẹ́ tábìlì Gàfárù. Gbogbo aláìsàn ló ń bi mí bóyá mo ń ta mínírà.

Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú bándéèjì, torí náà etí rẹ̀ ni Sístà Damaris ń gún láti fi wo ṣúgà. Pépà tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí wọ́n bí ojú, Sístà bá ń fi abẹ la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì ní gígùn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ nígbà tó ń là á, ó gbé nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 2/6/96

Gàfárù ní ebi ń pa òun.

Mo ní kó tún un sọ. Ó ní Àǹtí, ebi ń pa mí, ṣé àkàrà wà? Mo sáré jáde bí ẹni tí wọ́n ń lé, mo ra àkàrà lọ́nà Ọba Akran, mo padà dé, ó jẹ mẹ́rin. Mẹ́rin! Fàúsát ń fún un lómi, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà sí i láyà. Sístà Damaris ní egbò àyà ti ń pọ́n, pé pípọ́n yẹn dáa, ẹran tuntun ni.

Láti ọ̀la, Màmá ni yóò máa fún un ní oúnjẹ ọ̀sán. Aṣọ ti kún ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn oníbàárà ti ń bú mi, Fàúsát náà gbọ́dọ̀ padà sídìí ọjà rẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sán ò le: ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú mílíìkì àti ṣúgà dáadáa, ẹyin méjì, ẹ̀wà. Fàúsát á sè é, á kó o sínú fúláàsì, Màmá á gbé e lọ. Inú Màmá dùn pé àwọn náà rí nǹkan ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4/6/96

Mo yà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ìrọ̀rí rẹ̀ tutù fún òógùn. Ó ní ọ̀sán ni, ara òun kàn ń gbọ̀n díẹ̀, ó ti lọ. Ooru mú gan-an lónìí lóòótọ́, òjò ṣú, kò rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6/6/96

Mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ọlọ́run ló ní kí n lọ lọ́sàn-án. Áìsì ni mo gbé lọ. Màmá jókòó síbi tí wọ́n máa ń jókòó, wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà. Gàfárù ń làágùn bí ẹni tí òjò pa. Mo kí i, ó wò mí, ó ní, "Bàbá, ẹ káàbọ̀." Mo rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tún ní kí n bá òun ti ilẹ̀kùn ààrò, kí búrẹ́dì má jó. Ẹnu rẹ̀ ń wúwo, ọwọ́ tó wà nínú bándéèjì ń gbọ̀n. Kí n tó débẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí, funfun nìkan ni mo rí.

Mo pariwo. Mi ò mọ ohun tí mo sọ. Sístà Damaris dé, ó tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gún un létí, ó wo pépà, ó ní ṣúgà ti tán lára rẹ̀. Ó sáré gbé gúlúkóòsì, ó fi abẹ́rẹ́ ńlá fà á, ó ń tì í sínú ọ̀nà dírípù díẹ̀díẹ̀, ó ń pe orúkọ Jésù. Èmi ń pe ti Ọlọ́run tèmi. Màmá ò pe nǹkan kan. Wọ́n di irin bẹ́ẹ̀dì mú.

Ó la ojú. Bí ẹni tó jí lójú oorun ọ̀sán ló ṣe là á, ó ní kí ló dé tí gbogbo wa ń wo òun.

Sístà wá yíjú sí wa. Ó ní kí ló jẹ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ọ̀sán? Ó gbé kọ́ọ̀pù tó wà lórí tábìlì, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ imú mi. Omi ewúro ni. Mo ṣí fúláàsì, ẹ̀kọ Fàúsát kún inú rẹ̀ dé ẹnu, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú bíńtín kan ló wà nínú abọ́, kò jẹ ju òkèlè méjì. Mo bi Gàfárù pé láti ìgbà wo. Ó ní láti ọjọ́ Ajé, Màmá ní kí òun máa mu ún, òun sì rò pé Dókítà ló ní bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?" Níwájú gbogbo wọ́ọ̀dù ni mo ti sọ ọ́. Màmá ká tẹ̀sùbáà wọn, wọ́n dìde, wọ́n jáde lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé ní Ìfàkò, wọn ò jẹun alẹ́.

Ó wà láyé.

Jímọ̀, 7/6/96

Màmá tẹ̀lé mi lọ sí ọsibítù láàárọ̀, wọn ò wọ inú wọ́ọ̀dù. Wọ́n padà sórí bẹ́ǹṣì àná. Dókítà Johnson jáde wá bá wọn, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí wọn, ó jókòó tì wọ́n. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, òun ò bá ìjà wá, òun kàn fẹ́ mọ ìdí ewúro.

Màmá ò wo ojú rẹ̀. Gèlè wọn ni wọ́n ń tún so.

"Dókítà, mo mọ ìgò yẹn. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ agbára ni, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń tọ́jú irú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù omi fún bàbá wọn. Wọ́n ní kó má fẹnu kan ṣúgà mọ́. Ó máa ń bẹ̀ mí. Ọkọ mi, ó ń bẹ̀ mí bí ọmọdé nítorí ẹ̀kọ dídùn. Mò ń fún un ní kọ̀rọ̀, kò sí ọmọ kankan tó mọ̀. Ẹsẹ̀ yẹn jẹrà, wọ́n gé e, ó kú. Ni mo wá rí ìgò kan náà lábẹ́ tábìlì ọmọ mi, wọ́n sì kó ṣúgà lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa fún un. Kí n tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì?"

Ọdún méje. Mi ò gbọ́ ọ rí.

Dókítà ní, "Màmá, mi ò mọ Bàbá, mi ò lè sọ ohun tó pa wọ́n. Ti ọmọ yín ni mo mọ̀. Iná ló kó ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, bí egbò bá jinná, á lọ. Abẹ́rẹ́ ń lé ṣúgà wọ inú ẹran. Bí kò bá rí oúnjẹ, á lé gbogbo èyí tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ tán, ohun tí ẹ rí lánàá nìyẹn. Ẹ̀bi tèmi ni. Àwọn tó ń sanwó ni mo pè jókòó, mi ò pe ẹni tó ń bọ́ ọ."

Màmá ní ta ni yóò wá sọ fún àwọn ìgbà tí ṣúgà yóò dópin. Ó ní òun fúnra òun ni. Wọ́n ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gún ọmọ àwọn mọ́ kí àwọn tó fẹnu ara àwọn sọ pé oúnjẹ ti wà níwájú rẹ̀, ó sì ti ń jẹ ẹ́. Dókítà pe Sístà Damaris jáde, ó tún un sọ lójú wa, ó ní àṣẹ wọ́ọ̀dù nìyẹn láti òní. Sístà ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Mo kúnlẹ̀ síwájú Màmá lórí sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, mo ní kí wọ́n forí jì mí nítorí ọ̀rọ̀ àná, ó jáde lẹ́nu mi ni. Wọ́n ní, "Dìde, jàre. Lọ ra ṣúgà wá."

Mo ra páálí méjì. Mo sunkún láti ṣọ́ọ̀bù dé géètì, ìyá oníṣúgà rò pé owó ló ń dùn mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11/6/96

Màmá ti gba wọ́ọ̀dù. Mo wà níbẹ̀ lónìí nígbà tí Sístà Damaris gbé abẹ́rẹ́ dé. Màmá na ọwọ́, wọ́n ní kó dúró, ó ku ẹyin kan. Sístà dúró. Obìnrin tó ń jágbe mọ́ dókítà! Ó gbé abẹ́rẹ́ dání, ó ń wo Gàfárù bó ṣe ń jẹ ẹyin, Gàfárù ń wo àwọn méjèèjì, ó ń yára jẹ bí ọmọ tí olùkọ́ dúró tì. Màmá ní, "Ó yá, ó ti jẹun." Ó gún un.

Wọ́n ń tọ́ ẹ̀kọ náà wò fúnra wọn kó tó kan Gàfárù. Fàúsát ní Màmá ti dá ẹ̀kọ padà fún òun lẹ́ẹ̀kan pé ṣúgà rẹ̀ ò tó.

Jímọ̀, 14/6/96

Wọ́n gbé e lórí ìwọ̀n. Ó fi kílò méjì lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Dókítà ní kí wọ́n tún un wọ̀n, ó rò pé bándéèjì ló wúwo. Kì í ṣe bándéèjì. Ọkàn rẹ̀ náà ti ń rọra lù. Ibà ò wá lánàá, kò wá lónìí.

Alhaji Làsísì tún wá. Mo jẹ́ kó jókòó lónìí.

Ọjọ́rú, 19/6/96

Wọ́n tún gbé e lọ sí tíátà. Ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ ni wọ́n ti gé awọ lọ́tẹ̀ yìí. Dókítà ní ọwọ́ ọ̀tún ló ń ba òun lẹ́rù jù, pé bí kò bá mú níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, àwọn ìka á ká kò, wọn ò sì ní nà mọ́. Ẹni tó ń fi ọwọ́ po ìyẹ̀fun jẹun. Wọ́n di í pa, a ò ní mọ nǹkan kan títí di ọjọ́ Ajé. Òjò ń rọ̀ láti àárọ̀, omi ti wọ ṣọ́ọ̀bù mi, mo kó aṣọ lé orí ẹ̀rọ.

Sátidé, 22/6/96

Mi ò lè rán nǹkan kan. Mo rán apá búláàsì obìnrin kan mọ́ ọrùn.

Ọjọ́ Ajé, 24/6/96

Ó mú. Ó mú, ó mú, ó mú.

Dókítà Johnson fi sáláìnì rin bándéèjì, ó ń tú u ní ìpele ìpele. Awọ ọ̀hún lẹ̀ mọ́ àyà pinpin, ó pọ́n díẹ̀. Ti ọwọ́ náà mú, àyàfi ibì kan tó tó owó kọ́bọ̀ nítòsí ọrùn ọwọ́, ó ní ìyẹn á jinná fúnra rẹ̀. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó funfun, ó tún padà pọ́n. Ó ní ẹ wò ó, ẹ̀jẹ̀ ń débẹ̀. Ohùn rẹ̀ ga! Mi ò mọ̀ pé ohùn rẹ̀ lè ga.

Sístà Damaris bọ́ bàtà, ó kọrin ìyìn níbẹ̀, gbogbo wọ́ọ̀dù gbè é, onígbàgbọ́ ni o, mùsùlùmí ni o. Màmá ò kọrin. Wọ́n ń wo ọwọ́ náà. Wọ́n wá bi Dókítà bóyá kí àwọn fi kún ṣúgà.

Ọjọ́bọ̀, 4/7/96

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń mú kó máa na ìka. Ó ń dùn ún débi pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kọ̀. Ohun kan ló ń bí mi nínú: Gàfárù ò ṣàròyé rí. Ẹ ṣeun, ó ti tó, kò burú. Gbogbo wa la ń wẹ̀ ẹ́, là ń nù ún, là ń wọṣọ fún un. Kò sí ibì kan lára rẹ̀ tí ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì dé. Ọkùnrin tó ní ìyàwó sílé. Ó kàn máa ń yíjú sí ògiri.

Ọjọ́ Àìkú, 7/7/96

Wọ́n ti ń dín abẹ́rẹ́ kù láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Lónìí ni Dókítà dá a dúró pátápátá. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá Màmá bó ṣe ṣèlérí. Ó ní, "Màmá, ó parí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀." Màmá ní kó gún etí náà lójú àwọn. Sístà gún un, wọ́n jọ wo pépà, Màmá ò mọ̀wé ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ àwọ̀ tó dáa. Wọ́n ní ó dáa.

Wọ́n ní kí n fún àwọn ní ìgò tó ṣófo. Mo rò pé wọ́n á sọ ọ́ nù. Wọ́n wé e sínú ìdí ìró.

Ọjọ́bọ̀, 11/7/96

Gàfárù wálé. Alhaji Làsísì ló fi ọkọ̀ bẹ́kìrì gbé e, wọ́n tẹ́ tìmùtìmù sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n rọra wà á, àwọn ọlọ́kọ̀ ẹ̀yìn ń bú wọn láti Ìkẹjà dé Ìfàkò. Àwọn ayálégbé ti kún àgbàlá. Ó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò rí àpá iná lójú rẹ̀, wọ́n ń wo ọwọ́ aṣọ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀.

Sátidé, 13/7/96

Oòrùn yọ lónìí lẹ́yìn ọjọ́ púpọ̀. Fàúsát ti gbé omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sí balùwẹ̀ fún un, Màmá sì ti ká ìró sókè pé kí àwọn lọ wẹ̀ ẹ́. Gàfárù gba kànrìnkàn lọ́wọ́ Màmá. Ó rìn gba àgbàlá kọjá, ó wọlé, ó fa ilẹ̀kùn páànù yẹn mọ́ra. A gbọ́ tí irin ìtìlẹ̀kùn tó wà nínú ń kùn, ó dúró, ó tún kùn. Irin ọ̀hún le, èmi alára máa ń fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Lẹ́yìn náà ló ró gbà. Ó ti tì í.

Màmá sáré lọ kan ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kó ṣí i, kó má yọ̀ ṣubú, ta ni yóò bá a fọ ẹ̀yìn.

Ó ní, "Màmá, ẹ lọ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Mò ń wẹ̀."

Ohùn rẹ̀ le. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti oṣù Karùn-ún tó máa bínú sí ẹnikẹ́ni. Màmá dúró síbẹ̀ díẹ̀, wọ́n wá padà wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí àpótí. A ń gbọ́ bó ṣe ń bu omi, tó ń dà á. Fàúsát wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó fi eteetí aṣọ bo ẹnu.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ nígbà tí Shuaib tó wà ní yàrá kẹta jáde pẹ̀lú garawa rẹ̀. Ó ti kánjú, iṣẹ́ Sátidé ló ń lọ. Ó gbá ilẹ̀kùn, ó ní ta ló wà ńbẹ̀ yẹn tó ń fi gbogbo àárọ̀ wẹ̀.

Màmá dìde. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ni. Gbé garawa rẹ sílẹ̀, ó máa pẹ́."